Ìyá Oníyìnyín

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọkọ̀ tú okùn ní èbúté Seward,
ní Alásíkà, níbi tí oṣù kẹfà kì í ti í mọ òru.
Màmá wọ kóòtù mi, ó tún wọ ti ọkọ mi lé e,
ó fi gèlè wé etí. Ó ní ojú kì í mọ òtútù,
etí ló máa ń gbà wọlé.
Ó jókòó ti fèrèsé bí ẹni tó ń ṣọ́ onígbèsè.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ta omi dídì ní Ìrágbìjí.
Fírísà méjì, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́,
àpò ìdọ̀họ, ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì.
Àwọn ẹlẹ́ja ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Àwọn tí òkú sùn sílé wọn ń bọ̀ lóru,
wọn kì í ná an.
Inú fírísà ni owó ilé-ìwé mi ti jáde, ó tutù, ó rin.
Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta,
a ó sùn sílẹ̀, a ó máa gbọ́ bí owó ṣe ń kán: tó, tó, tó.

Nádíà ló ń ṣàlàyé ọ̀nà fún wa,
ọmọ Sugpiaq, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ awọ
létíkun yìí kí ẹnikẹ́ni tó yà á sí ìwé.
Mo ní, "Màmá, ọmọ onílẹ̀ nìyẹn."
Màmá di báàgì rẹ̀ mú. "Èló ni wọ́n ń gbà?"

A rí ẹran kan tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, tó gbé ọmọ lé àyà.
A rí ẹyẹ kúkúrú tó fi osùn kun ẹnu.
Àbùùbùtán mí lẹ́ẹ̀kan péré,
òórùn ẹja jíjẹrà gba inú ọkọ̀ kan,
Màmá nìkan ni kò dí imú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

Ó dúró níwájú wa, ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ.
Kì í ṣe funfun. Ó rí bí aṣọ
tí wọ́n rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan, tí aláró sì sùn lọ.
Gbogbo èèyàn gbé fóònù sókè.
Ètè Màmá ń mì. Mo rò pé àdúrà ni;
ìṣirò ni.
"Ta ló ń san owó iná?"

Ẹ̀gbẹ́ kan yẹ̀. A rí i kó tó dún:
ó ń wó láìlóhùn, bí ẹni tí oorun gbé,
kí àrá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa,
kí ìgbì tó gbé wa sókè, kó sọ̀ wá kalẹ̀.
Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Màmá kò pàtẹ́wọ́. Ta ní ń pàtẹ́wọ́ fún ọjà tó ń yọ́?

Nádíà nawọ́ sí àpáta kan, lẹ́yìn wa, lọ́nà jíjìn,
ó ní ibẹ̀ ni ẹnu yìnyín wà nígbà tí ìyá ìyá òun wà lọ́mọdé.
Mo túmọ̀ rẹ̀.
Màmá wo àpáta, ó wo yìnyín, ó tún wo àpáta.
"Sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n.
Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń lọ.
Inú á ṣì le, wàá rò pé ó ṣì pọ̀.
Sọ fún un pé ẹnìkan ló ṣí àpò kúrò lórí ẹ̀."

Mo sọ fún un.
Nádíà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀, ó wá jókòó tì í.

Nígbà tí à ń padà, ọmọ ọkọ̀ kan fi àwọ̀n kó ègé kan láti inú òkun,
ó mọ́ bí gíláàsì,
afẹ́fẹ́ àtijọ́ ń ta nínú rẹ̀, pá, pá.
Wọ́n ń fọ́ ọ sínú ife ọtí fún ẹni tó bá fẹ́.
Màmá gba tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.
Ó tú gèlè rẹ̀, ó wé e mọ́ ọn,
etí rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ nínú atẹ́gùn,
ó gbé e lé itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

Ìgbàkigbà tí mo bá wo ọ̀dọ̀ rẹ̀,
"Ó kù," ló ń wí. "Ó ṣì kù."
Omi ń kán lára kóòtù ọkọ mi.