Ẹ̀gà Kò Ní Abẹ́rẹ́

Dókítà ló ní kí n máa rìn.
Ó ní orúnkún tó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n
ti gbàgbé iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an.
Ni mo bá ń lọ sọ́gbà káńsù létí ọ̀sà l'Épè,
láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.
Ìrìn ni mo bá lọ. Ìjókòó ni mò ń jókòó.
Ẹ má sọ fún dókítà.

Oṣù Igbe ni mo débẹ̀, àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀,
ilẹ̀ ń rùn bí ìkòkò tuntun.
Pańṣẹ́kẹ́ ti gbé òdòdó pupa wọ̀ látòkè délẹ̀.
Bí mo bá rí irú àwọ̀ yẹn lára àǹkárá,
màá ní ayédèrú ni, kò ní í pẹ́ ṣá.
Patanmọ́ wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ńṣì. Mo fi etí bàtà kàn án,
ó káwọ́ jọ bí ìyàwó tó gbọ́ ohùn ìyá ọkọ.
Mo dúró títí ó fi tún la ojú.
Ó pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ;
mo kà á mọ́ ìrìn.

Lórí àgbọn tó sún mọ́ omi ni àwọn ẹ̀gà ń gbé,
ariwo wọn bí ọjọ́ tí wọ́n ń pín owó àjọ.
Akọ kan wà níbẹ̀, orí dúdú, ara bí ìyeyè tó pọ́n.
Ó ya imọ̀ àgbọn tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ya etí aṣọ,
ó kì í bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó so ó,
kò lo abẹ́rẹ́, kò fi téèpù wọn nǹkan kan.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko.
Abo dé. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀,
ó wọlé, ó jáde,
ó fò lọ.

Háà! Mo mọ ìfò yẹn.
Ìyàwó Alájì Sùnmọ́nù fò bẹ́ẹ̀ nígbà Iléyá,
ó ní ọrùn bùbá òun fẹ̀,
ó fi aṣọ sílẹ̀, ó tún fi gbèsè sílẹ̀.
Akọ ẹ̀gà kò bá ẹnikẹ́ni jà.
Ó tú ilé náà ní fọ́nrán fọ́nrán, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀,
ó lọ ya imọ̀ mìíràn.

Agẹmọ, òjò ò dá mọ́. Mo gbé agbòjò lọ.
Ọ̀pọ̀lọ́ ń dá ara wọn lóhùn nínú gọ́tà.
Káńsù kan bóòdù mọ́ ìdí òdán: Ẹ MÁ ṢE KÁ ÒDÒDÓ.
Ìgbín kan gùn ún, ó jókòó lé MÁ ṢE lórí,
ohun tó kù ni Ẹ KÁ ÒDÒDÓ.
Mo ká ọ̀kan.
Jímọ̀, olùtọ́jú ọgbà, rí mi:
"Ìyá, ṣé ẹ ò ka bóòdù ni?"
Mo ní mo kà á dáadáa.

Bélú, àwọn lékèélékèé padà dé,
wọ́n ń tọ Jímọ̀ àti àdá rẹ̀ lẹ́yìn,
tata tó bá ta sókè, ti wọn ni.
Ṣìfáwù ọmọ ọmọ mi bá mi lọ lọ́jọ́ náà,
ó ń na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí wọn,
ó ń tọrọ funfun sí èékánná.
Wọn ò dá a lóhùn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn
ó fi ọ̀kan hàn mí, tààrà ojú àtàǹpàkò. Ó rí i. Èmi náà rí i.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ mú.
Fúrúntù pa ewé dà, ó pupa bí ẹ̀dọ̀, ó ń já lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀sà di aṣọ tí a fọ̀ tí kò mọ́;
apẹja ń kọjá nínú rẹ̀, a ò rí ọkọ̀, orí rẹ̀ nìkan là ń rí.
Afẹ́fẹ́ já ìtẹ́ òfìfo kan bọ́ sẹ́sẹ̀ mi.
Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e kọ́ sókè ẹ̀rọ mi.

Ta ló wọlé? Òun náà ni, pẹ̀lú léèsì Ààwẹ̀.
Ó wo ìtẹ́ náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀,
ó ki ìka bọ̀ ọ́.
"Ọmọṣẹ́ ta ló rán èyí?"
Mo ní ó wà létí ọ̀sà, kì í gba àtúnṣe.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó san gbèsè àtijọ́.
Orúnkún ṣì ń dùn mí o.