Èémí Tó Ṣáájú Orin

Mo dé ṣọ́ọ̀bù Mufútáù ní Tákìé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀,
oòrùn ń yan páànù bí ẹni yan ẹ̀pà.
Mo ní, "Ẹ̀rọ orin ni mo wá rà,
kékeré, tí yóò wọ àpò bùbá."
Ó to fóònù mẹ́ta síwájú mi:
ọ̀kan ń tàn yanran, ọ̀kan ń ṣẹ́jú wàràwàrà,
ẹ̀kẹta ní ojú mẹ́rin lẹ́yìn bí iwin.
"Bàbá, èyí ń ya fọ́tò, ó ń pe Dùbáì,
ó ń sanwó iná, ó ń ka iye ìṣísẹ̀ tí ẹ rìn lójúmọ́."
Mo ní, "Ǹjẹ́ ó lè dákẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni wo àgbà tí ibà ń ṣe.

Ọmọ mi, fìdí lé àga.
Èmi ò fẹ́ ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ méje;
ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ méje, ìyàwó rẹ̀ ní ń bọ́ ọ.
Èyí tí yóò máa han gooro láàárín orin
pé ẹnìkan bímọ ní Ìlọrin, pé báǹkì yọ náírà mẹ́wàá,
dá a padà sínú páálí.
Fún mi ní bọ́tìnì tí àtàǹpàkò mi yóò mọ̀ nínú òkùnkùn
bó ti mọ ihò kọ́kọ́rọ́ ilé mi nígbà tí nẹ́pà bá múná lọ.
Fún mi ní ihò wáyà. Èyí tí ń gba inú afẹ́fẹ́ ránṣẹ́,
afẹ́fẹ́ a máa bu díẹ̀ jẹ níbẹ̀.
Bátìrì tí yóò gbé mi dé Ṣakí, tí yóò sì gbé mi bọ̀.
Má sì bá mi fi kún báàsì o.
Ẹni tó se ọbẹ̀ ti fi iyọ̀ sí i;
kí ló kan agbáwo tí ń bu iyọ̀ kún un lójú ọ̀nà?

Mo ní kásẹ́ẹ̀tì kan nílé,
ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ókèlérin, ọdún tí ìjì ká òrùlé ilé ìwé.
Ọmọ àbúrò mi ló sọ ọ́ di fáìlì fún mi,
fáìlì ńlá, kò fún un pọ̀ bí gàrí inú ọ̀rá.
Lórí fóònù, mo ń gbọ́ àwọn akọrin,
irọ́ kọ́, mo ń gbọ́ wọn, gbogbo wọn lójú kan,
ìgúnpá ẹnìkan nínú ìhà ẹnìkejì.
Àfìgbà tí mo dé ilé Oyèékànmí, olùkọ́ físíìsì.
Ó fi tirẹ̀ sí mi létí, ẹ̀rọ tí kò ju páálí ìṣáná lọ,
àfi bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fún.
Mo mọ ẹni tó dúró lọ́tùn-ún, mo mọ ẹni tó dúró lósì.
Pákó dún kẹ̀ẹ́ nígbà tí olùdarí yí ẹsẹ̀ padà.
Ewúrẹ́ kan wà lẹ́yìn fèrèsé.
Máńgòrò já, ó ba páànù: gbàà!
Lẹ́yìn náà, kí orin tó bẹ̀rẹ̀,
ogójì ènìyàn fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mi wà níbẹ̀. Òun ni èémí tó pẹ́ díẹ̀,
tí nǹkan ń hó nísàlẹ̀ rẹ̀ bí omi ìkòkò:
eruku pákó ọdún mọ́kànlélógún ní ilé ìlagi.
Ọdún kẹta sí i la sin ín.

Orin náà dára. N ò rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.
Èémí yẹn ni mo wá rà, Mufútáù. Èló ni?

Kò sọ̀rọ̀. Ó kó àwọn fóònù kúrò lórí tábìlì.
Ó ní, "Bàbá, n ò ní irú rẹ̀.
Ẹ mú mẹ́mọ́rì yẹn wá ná."
Ó jáde, ó pa jẹnẹrétọ̀,
onígbàjámọ̀ tó ń jẹ lára iná rẹ̀ sì fi igbe ta:
kí ló dé, ààbọ̀ orí oníbàárà òun ṣì kù nílẹ̀!