Ìka Tí Kò Ní Ìlà

Ẹ wo àtàǹpàkò mi yìí dáadáa.
Òun ló ta oko bàbá mi.
Àbúrò ọkọ mi ló gbé bébà wá lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀,
ó ní, "Ẹ tẹ ìka síbí, ìwé ajílẹ̀ ni."
Mo tẹ̀ ẹ́.
Ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí,
lọ́nà Ìlọrin, bí ẹ bá ń jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́,
mọ́tò ń mu níbi tí ẹ̀gẹ́ mi ti ń ta.

Wọ́n ní ìka ò dọ́gba.
Ó dáa. Ta ló wá gé tèmi kúrú?

Oyèladùn, ọmọ ọmọ mi, kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ahọ́n rẹ̀ mú,
ó máa ń gbàgbé ìkòkò sórí iná.
Nígbà tí kajú so lọ́dún tó kọjá,
ó lọ ka àwọn ọmọbìnrin tí kò dé ilé ìwé rí,
àti àwọn tí wọ́n yọ kúrò kí ábídí tó yé wọn:
mọ́kàndínlógún ni wọ́n,
lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn Sábó,
wọ́n ń fọ́ kajú, èéfín ń fọ́ wọn lójú.
Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wà ní kíláàsì.

Ó kọ ẹ̀bẹ̀ sí káńsù, ó gbé tàdáwà lọ bá wọn,
ó ní kí wọ́n tẹ̀ka sábẹ́ rẹ̀.
Akọ̀wé gbé e sójú, ó rẹ́rìn-ín:
"Ìka èèyàn kọ́ nìyí. Kò ní ìlà."
Òótọ́ ni. Epo kajú ti jó ìlà ọwọ́ wọn tán,
ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá!
Èmi tí mo fi àádọ́ta ọdún roko, tèmi ṣì wà.

Mo rò pé yóò sunkún. Kò sun.
Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ gbọ́:
ẹni tí wọn ò kọ́,
tí kò lè kọ,
báwo ni yóò ṣe kọ̀?"

Nírọ̀lẹ́ ó padà síbẹ̀ pẹ̀lú èédú,
ó ń kọ orúkọ wọn sórí sìmẹ́ńtì,
orúkọ nìkan, kò tíì kọ́ wọn ní ohun mìíràn.
Oníkajú lé e. Ó padà wá.
Bàbá rẹ̀, ọmọ tí mo bí, tú bẹ́líìtì:
"Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"
Ó ní rárá, àwọn tó bí wọn ni kò kà wọ́n kún.
Èmi náà bá a wí. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.
Ìka yìí kan náà ni mo nà sí i lójú.

Àárọ̀ mẹ́rin ló fi dúró lẹ́nu géètì káńsù,
nínú yúnífọ́ọ̀mù tó ti kúrú sí i lára,
òjò àkọ́rọ̀ pa á,
bébà mọ́kàndínlógún nínú ọ̀rá:
orúkọ tó wọ́, orúkọ tó dorí kodò,
ọ̀kan kọ ti ìyá rẹ̀ mọ́ tirẹ̀.

Mọ́kànlá ti wọ ilé ìwé.
Méje ṣì ń fọ́ kajú.
Àwẹ̀ró wà nílé ọkọ, ní Ṣakí;
bébà tirẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí Oyèladùn.

Lánàá ó tún gbé ìwé dé, nítorí àwọn méje,
ó ní kí àgbàlagbà fọwọ́ sí i.
Ó ṣí tàdáwà.
Mo fi àtàǹpàkò pamọ́ sínú ìró.
Mo ní kó fún mi ní bírò.

Ẹ ò rí i bí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n.
Ọkọ́ kò wúwo tó o.
Dúrójayé ni bàbá mi sọ mí,
àṣé orúkọ mi gùn tó báyìí, lẹ́tà mẹ́jọ.
Mẹ́rin péré ló tíì jáde, gbogbo wọn wọ́:
Dúró.
Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.
Kí akọ̀wé ka ìyẹn.