Òru Kan ní Jọ́ọ̀sì

Ní Kúbúwà, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá,
Fadérera ti gorí àyà mi bí ẹni gun àkàbà:
"Màámi, Ìní ti da ògì sínú bàtà Dádì."

Oorun ni mo wá rà ní Jọ́ọ̀sì.
Òru kan péré. Mo sanwó yàrá,
mo ti fèrèsé,
òtútù ń kan ilẹ̀kùn bí àlejò.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ tọ̀.
Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí òṣùpá ń sùn.

Aago márùn-ún, ojú mi là kedere.
Mo tọwọ́ bàpò, mo ń wá súwẹ́tà:
ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan ni mo bá,
bísíkíìtì àjẹkù nínú rẹ̀.

Mo jẹ ẹ́.
Mo tún padà sùn, n ò ní parọ́,
títí oòrùn fi gun orí àpáta.