Ìwé Gbèsè, Ojú Ewé Kejìdínlógún

Ọ̀pá kan fara ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsánlú,
ìdí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀.
Àwọn tó wá ra ìṣó a máa bi mí pé èwo nìyí,
ṣé a fi ń já kaṣú ni?
Mo ní ọ̀pá họ́kì orí yìnyín ni.
Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á san owó ìṣó.

Kánádà ló ti wá. Ọmọ Bàbá Mẹ́dùpín ló fi ránṣẹ́,
nọ́ọ̀sì ni, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú,
ó ní òtútù ibẹ̀ máa ń wọ eyín.
Láti ọjọ́ náà ni eré yìí ti wọ àwọn àgbà lẹ́wù.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdíje máa bẹ̀rẹ̀.
Iṣu tuntun ti dọ́jà, òjò ti ń fẹsẹ̀ kan rìn sẹ́yìn,
wọ́n sì ti kún orí bẹ́ǹṣì mi láti àárọ̀:
"Ọ̀kún o." "Ọ̀kún." "Ọ̀kún o jàre."
Kí n tó gbálẹ̀ tán, àsọtẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Mẹ́dùpín ní àwọn aláṣọ pupa ni yóò gba ife.
Ó ní gólì wọn ti sanra sí i nígbà ìsinmi,
ihò wo ni ìdérí tún fẹ́ gbà kọjá?
(A kì í pè é ní bọ́ọ̀lù. Ìdérí agolo ìpara ló jọ.)

Tíṣà Baiyéwù, tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì láti ọdún kẹfà,
ní irọ́ ni. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya pápá sára ilẹ̀kùn mi,
ó to àwọn ọmọ tuntun sí apá òsì:
"Ọmọ ogún ọdún, mẹ́ta! Ẹ wo eré wọn nínú fóònù.
Kí ó tó di oṣù Ẹrẹ́nà, ẹ̀yin náà á máa pè mí ní sà."

Wọ́n jà lórí kóòṣì tí wọn yóò kọ́kọ́ lé.
Wọ́n jà lórí ẹgbẹ́ tí yóò gbẹ̀yìn.
Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn
lórí orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lè pè.

Ariwo yẹn ni Dọ́káàsì oníyìnyín gbọ́ tó fi wọlé,
òun nìkan nínú gbogbo wa tó mọ yìnyín,
tó ń fọwọ́ lásán gbé e jáde ní ìdájí.
"Ènìyàn lẹ̀ ń kà, ẹ ò ka ilẹ̀ tí wọ́n ń sá lé.
Yìnyín kì í ṣọ̀rẹ́ ẹnì kan. Bó bá wù ú,
á gbé alágbára ṣánlẹ̀ níṣojú ìyàwó rẹ̀.
Ẹgbẹ́ tí ẹ ò dárúkọ ni yóò gbà á."
Wọ́n ní ṣé àsọtẹ́lẹ̀ nìyẹn?
Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́.

Mo kọ ọ́. Èmi ni akọ̀wé wọn,
ìwé gbèsè ni mò ń kọ ọ́ sí, torí òun nìkan ni n kì í sọ nù:
Mẹ́dùpín, pupa. Baiyéwù, àwọn ọmọdé. Dọ́káàsì, a ò mọ̀.
Lókè wọn, símẹ́ǹtì àpò méjì: Owóníyì.

Mo ṣí i sẹ́yìn láti wo ti èṣí.
Owóníyì mú àwọn aláwọ̀ ewé, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa,
ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn!
Ó ní, "Kì í ṣe ọdún yìí. Èyí tó ń bọ̀ ni."
Inú ọyẹ́ la sin ín, ilẹ̀ le débi pé ṣọ́bìrì méjì ló ṣẹ́.
Èyí tó ń bọ̀ náà ló dé yìí.

Mo kà á sókè.
Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì, ó rọra kọ wọ́n sí àárín pápá.
Bàbá Mẹ́dùpín ní, "Gbèsè símẹ́ǹtì yẹn ńkọ́?"
Mo ní bí wọ́n bá gba ife, màá fa igi lé e.
"Bí wọn ò bá wá gbà á?"
Mo pa ìwé dé.

Aago méjì òru ni ìfigagbága àkọ́kọ́. Iná lè má sí.
Dọ́káàsì ní òun á tan jẹnẹrétọ̀, òun sá ò ní sùn,
àmọ́ kí kálukú gbé pẹtiróòlù ìgò kan dání.