Ìlà, Ilà, Ilá

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ṣe amọ̀nà fún ọ̀gá Ahúánù,
ọmọ Kútọnu tó gbé àwòrán ilẹ̀ wá sí Kétu
nínú páìpù rọ́bà, bí ọdẹ tó kó ọfà sínú apó.
Kì í ṣe ènìyàn la fẹ́ kà báyìí, ó ní.
Ilẹ̀ la ó kọ́kọ́ gé,
ègé kan fún akànìyàn kan,
ègé tí ẹsẹ̀ méjì lè rìn já kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.
Ẹkùn Pláàtó di kọmúùnù, kọmúùnù di àdúgbò,
àdúgbò di ègé tó ní nọ́ńbà lórí.

Ó ní ààlà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ojú lè rí.
"Fi odò hàn mí."
Mo rẹ́rìn-ín.
Kétu tí a ti ń gbé ìkòkò síta de òjò
kí wọ́n tó bí baba mi,
níbo ni n ó ti rí odò?
Mo fi òkìtì ikán hàn án.
Ó ní ikán lè kó lọ lóṣù tó ń bọ̀.
Mo fi ipa ọ̀nà hàn án, èyí tí àwọn obìnrin
tó ń ru àgbàdo lọ sídìí ẹ̀rọ ọlọ fi ẹsẹ̀ là.
Ìyẹn wọ̀ ọ́ lójú. Ó fi pẹ́ńsùlù pupa tọ̀ ọ́.

A dé Abẹ́ Ìrókò.
"Ìrókò dà?"
Wọ́n ti gé e lọ́dún tí mo wọ ilé-ìwé,
pákó rẹ̀ ti di ilẹ̀kùn ní Pobẹ̀,
ṣùgbọ́n bí o bá bi ọmọ ọdún mẹ́ta léèrè ìyá rẹ̀,
yóò ní ó wà lábẹ́ ìrókò.
Ọ̀gá wo òfuurufú fún ìgbà díẹ̀,
ó wá kọ ọ́ sílẹ̀: Ìrókò.

Lọ́jọ́ kẹfà ni ìlà la ilé Ìyá Àtọ́ọ̀kẹ́ sí méjì,
létí ọ̀nà Ìlárá.
Yàrá rẹ̀ bọ́ sí ègé kẹrìndínlógún,
ilé ìdáná bọ́ sí ìkẹtàdínlógún,
ebè ilá méje wà láàárín
tí wọn kò mọ ti ẹni tí wọ́n ń ṣe.
Màmá gbọ́ "ìlà", ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.
"Ilà? Mo ti kọ tèmi,
ó ti jinná kí bàbá rẹ tó dáyé."
Ìlà ni, Màmá, kì í ṣe ilà.
"Ilá mi ńkọ́? Òun lẹ dúró lé lórí yẹn."
Lóòótọ́ ni, bàtà ọ̀gá wà lórí ebè. Ó sún.

"Màmá, ènìyàn mélòó ló ń sùn níbí?"
"A dúpẹ́."
"Ṣé wọ́n tó mẹ́wàá?"
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ka àwo."
Àwo wà lórí pẹpẹ, wọ́n dojú bolẹ̀,
omi ṣì ń kán lára wọn.
Mọ́kànlá.
Mo mọ ìkọkànlá. Ti Bánjókòó ni,
tó gba Ìlárá kọjá, tí a kò gbúròó rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án.
Alaalẹ́ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìyókù.
N kò sọ̀rọ̀. Amọ̀nà ni mí,
ọ̀nà ni wọ́n sanwó rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí oòrùn yí, ọ̀gá jókòó sórí àpótí,
ó tẹ́ ìwé sórí eékún.
Ó mú ìpàwérẹ́, ó pa díẹ̀ rẹ́,
ó yí ìlà gba ẹ̀yìn ilé ìdáná,
ó kó yàrá, àwo, àti ebè méje sínú ègé kan.
Ìlà wá yọ gọngọ lórí ìwé
bí ikùn aboyún oṣù mẹ́rin.

Mo máa ń ro akọ̀wé kan ní Kútọnu
tí yóò fi ìka tẹ ibẹ̀ lábẹ́ fáànù,
tí yóò bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òkè wo nìyí ní Kétu.
Kò sí òkè níbẹ̀.
Ẹ bá mi sọ fún un, ilá ni.
A ti ká a lẹ́ẹ̀mejì
kí wọ́n tó wá kà wá.