Ó Ku Oṣù Mọ́kàndínlógún

Ìwé báǹkì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ agolo ṣúgà.
Arvid ń gbé agolo, ó ń bu ṣúgà, ó ń dá a padà,
kò wo ìwé, kò sì wo ojú mi.
Bí tọkọtaya tó ti dàgbà ṣe ń jà nìyẹn
ní Duluth, nínú oṣù kọkànlá,
nígbà tí afẹ́fẹ́ adágún bá ń ha fèrèsé.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n la ti ń san owó ilé yìí.
Èmi fi ọbẹ̀ tí mo ń sè fún ọmọ ilé-ìwé san án.
Arvid fi ẹ̀yìn rẹ̀ san án ní èbúté,
níbi tí irin pupa ti ń ya sínú ọkọ̀ bí òjò,
tí èékánná rẹ̀ kò fi funfun mọ́ títí dòní.
Mo fa ìlà mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná,
pẹ́ńsùlù, bíi ti ẹlẹ́wọ̀n.

Báǹkì wá ní ká tún fi ilé dógò.
Wọn yóò san ìyókù tó kù nílẹ̀,
wọn yóò sì ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n dọ́là lé wa lọ́wọ́.
Òrùlé ń jò. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ń wúkọ́.
Dípò ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là lóṣù,
igba ó lé ọgọ́rin péré.
Ọmọ tó jókòó sí báǹkì, Keegan,
tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pinnu bóyá òun yóò hù,
fi ìka tẹ iye náà, ó rẹ́rìn-ín:
“Ẹ ó lè mí dáadáa, mà.”
Mo ní, ọdún mélòó?
Ó ní ọgbọ̀n.
Arvid ti pé mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo rò ó pọ̀ nínú mọ́tò:
mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún.
Ọgbọ̀n ọdún. Ọgbọ́n wo ló wà nínú ọgbọ̀n?

Lóru, mo ṣírò gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé iná mànàmáná.
Ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ó tún lé,
nítorí òrùlé kan àti ẹ̀rọ kan.
Èlé yóò jẹ ilé tán, yóò tún lá àwo.
Ìwọ̀fà ni wọ́n fẹ́ ká ṣe wọ sàréè.

Ṣùgbọ́n Wilma Thorsgaard, ní òdìkejì títì,
tọwọ́ bọ ìwé tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá.
Òrùlé tuntun, ilẹ̀kùn tuntun,
òun àti ọkọ rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ lọ wo òkun tó gbóná.
Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà kú.
N kò lè sọ pé wọ́n ṣìnà.
Ó kúkú rí òkun.

Karin ọmọ wa pè láti Tucson,
níbi tí òrùlé kò ti ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe:
“Màmá, ẹ gba owó yẹn. Ta lẹ ń tọ́jú ilé dè?”
Mo ní omi ń hó lórí iná.
Kò sí omi lórí iná.

Lálẹ́ àná, Arvid ló kọ́kọ́ lanu.
Èwo ló sàn, ká san án tán ká máa gbé inú òjò,
àbí kí ara wa gbẹ, ká sì jẹ gbèsè kú?
Mo ní mo fẹ́ jí lọ́jọ́ kan,
ọjọ́ kan ṣoṣo, nínú ilé tó jẹ́ tiwa,
ì báà jẹ́ pé omi ń kán sí mi nímú.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Ẹ̀rọ náà gbè é.

Láàárọ̀, ó gbé àkàbà jáde.
Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń bú u láti ìsàlẹ̀.
N kò ya ìwé báǹkì. Mo dojú rẹ̀ dé, mo kọ sí i lẹ́yìn:
ọ̀dà, ìṣó, mílíìkì.
Mo sì dá a padà sábẹ́ agolo ṣúgà,
pẹ̀lú ìlà òfìfo tó ń dúró de orúkọ wa.